Ṣọ́ọ̀kì Mẹ́rin fún Ẹ̀yìn Bàbá

Lọ́jọ́ tí Dókítà Eléyín wa ọkọ̀ pupa dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìbọ̀wọ́ awọ ló wọ̀ sọ́wọ́ méjèèjì, bí ẹni pé eyín ló fẹ́ yọ lẹ́nu sítíárín. Ìyá Sípánà gbójú sókè níbi tó ti ń tú táyà bọ́ọ̀sì kan. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó sì padà sídìí táyà rẹ̀. Kò kí i. Orin ló dá:

Ọkọ̀ pupa, ọkọ̀ pupa,
Ẹni tó rà ọ́ ò mọ̀ ọ́ wà.
Ó nu ojú rẹ, ó nu imú rẹ,
Ẹsẹ̀ ń ro ọ́, kò mà gbọ́.

“Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Dókítà wí.

“Káàsán, àbúrò mi. Ṣé ọwọ́ ń dùn ọ́ ni?”

“Rárá o.”

“Mo rí i pé o dì í ni.”

“Ìbọ̀wọ́ ìwakọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa ló ń wọ̀ ọ́.”

“Ẹgbẹ́ wo nìyẹn?”

“Ẹgbẹ́ àwa ọlọ́kọ̀ àtijọ́.”

“Áà. Èmi rò pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀ lórí iná ni.”

Bó ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn, kò sì sí ohun tí Dókítà lè ṣe sí i. Ọdún mọ́kànlá ló fi jù ú lọ, òun ló sì pọ̀n ọ́n. Ìyá Sípánà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Bàbá wọn ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ niṣẹ́ tirẹ̀. Kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì àfi bí ebi bá dé. Bí ọkọ̀ bá kọjá lójú títì, kò ní gbójú sókè tí yóò fi sọ fún ọ pé ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún iwájú ti kú. Sípíríìn ló ń gbé ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì, ọ̀pá kúkúrú tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, ló ń sọ fún sípíríìn pé, “Ó tó, má fò mọ́.” Ọkọ̀ tí kò ní ṣọ́ọ̀kì dà bí ilé tí kò ní àgbà: bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kì í tán.

Ọkọ̀ pupa kì í ṣe àlejò ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkọ̀ asáré ni, ìjókòó méjì péré ló ní, ó sì sún mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ lè na ọwọ́ fa koríko tu. Adájọ́ kan ló ni ín nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Bàbá ló bá adájọ́ tọ́jú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí adájọ́ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tì í sẹ́yìn ilé, eku bímọ sínú ìjókòó rẹ̀, títí Dókítà fi lọ rà á lọ́wọ́ wọn. Dókítà ní kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Ó ní kí wọ́n kùn ún kó máa dán bí ètè ìyàwó tuntun. Ó ra awọ ìjókòó, ó ra iná, ó ra awò ojú dúdú fún ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò rántí. Ṣọ́ọ̀kì tí Bàbá fi síbẹ̀ nígbà tí Dókítà fúnra rẹ̀ ṣì ń ká eyín ló wà níbẹ̀ dòní. Méjì ti jo ọ́ìlì tán, méjì yòókù ti gan bí òkú.

Ká ní ti Dókítà nìkan ni, Ìyá Sípánà ìbá fi í sílẹ̀ kó máa fò lójú títì bí ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan Bàbá.

Bàbá ti di ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni òun àti Ìyá Sípánà jọ ń gbé. Lọ́dún tó kọjá ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n la ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi irin méjì di eegun mú. Dókítà eegun ṣàlàyé fún wọn kedere: ó lè wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò gbọdọ̀ máa jù ú sókè sódò. Bí irin yẹn bá yẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún la ẹ̀yìn náà mọ́. Orí ibùsùn ni yóò kù sí. Bàbá gbọ́, kò fèsì. Àfi lọ́jọ́ tó fojú kan ọkọ̀ pupa, ìgbà yẹn ló tó la ẹnu.

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò yìí,” ó wí. “Mi ò jókòó nínú rẹ̀ rí kí ẹlòmíì máa gbé mi kiri. Ìgbà wo lẹgbẹ́ yín ń fi mọ́tò gun òkè?”

“Sátidé, Bàbá,” ni Dókítà dáhùn. “Aago mẹ́sàn-án àárọ̀.”

“Ẹ ó gbé mi gùn ún.”

“Bàbá, ẹ̀yìn yín ńkọ́?” ni Ìyá Sípánà béèrè.

“Ẹ̀yìn mi ń bọ̀ pẹ̀lú mi.”

Ó ti parí nìyẹn. Ẹni tó bá mọ Bàbá mọ̀ pé bí ẹ bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ojú fèrèsé ni yóò gbà, tòun ti irin ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́rú lọjọ́ náà, Sátidé sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn ò bá yá kó tó di Sátidé, ẹ̀yìn Bàbá ni yóò san án.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dààmú,” ni Dókítà wí, ó sì fa fóònù yọ. “Mo ti rí ṣọ́ọ̀kì tí mo fẹ́.”

Ìyá Sípánà nu ọwọ́, ó wo àwòrán náà. Ṣọ́ọ̀kì pupa kan ni, igò irin kékeré kan so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ mú, kókó mẹ́rin sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń yí.

“Kí ni wọ́n ń fi kókó mẹ́rin ṣe?”

“Ẹ lè fi mú kó le, ẹ lè fi mú kó rọ̀. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ní tirẹ̀, bó ṣe ń bọ̀ lókè ní tirẹ̀. Àwọn tó ń sáré ìdíje ló ń lò ó.”

“Kókó mẹ́rin, lẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Ta ni yóò máa yí wọn?”

“Èmi náà ni.”

“Ìwọ tí o pè mí lóṣù tó kọjá pé omi wáípà tán, pé ṣé mọ́tò ṣì lè dé ilé.”

Dókítà ti fóònù bọ àpò.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ Onípáàtì. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há bí inú àpótí, ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò ju ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Bó ṣe rí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ Dókítà ló ti mọ irú ẹran tó wọ pàkúté. Ó nu kàǹtà, ó to ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta sórí rẹ̀. Èkíní kò ní kókó kankan. Bí wọ́n bá ti dè é, bó ṣe wà ni yóò wà. Èkejì ní kókó kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí èèyàn bá ń yí i, yóò máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, ìró mẹ́rìnlélógún láti ibi tó rọ̀ jù dé ibi tó le jù. Ẹ̀kẹta ni oníigò.

“Dókítà,” ni Onípáàtì wí, ó gbé oníigò sókè bí ọmọ ìkókó, “èyí ló yẹ irú yín.”

“Ṣé èèyàn lo fẹ́ dè é mọ́ lára ni, àbí mọ́tò?” ni Ìyá Sípánà béèrè.

“Mọ́tò ni, Màmá.”

“Ó dáa. Kí ló wà nínú igò?”

“Gáàsì ni, Màmá. Kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gbóná bí ẹ bá sáré fún wákàtí méjì gbáko.”

“Òkè tí wọ́n ń gùn kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n sì ń dúró ya fọ́tò.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni,” ni Dókítà wí.

Ìyá Sípánà ti ń na ọwọ́ sápò. Ó fa okùn kan yọ, okùn tó ta kókó mẹ́ta sí lára. Bí Bàbá ṣe kọ́ ọ ló ṣe ṣe é: kí ó tó kúrò nílé, ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀ pupa, ó ti fi jáàkì gbé e, ó ti sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì ti ta kókó sára okùn níbi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé nígbà tó nà tán, níbi tó dé nígbà tó dúró, àti níbi tó dé nígbà tó tẹ̀ tán. Ó na okùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníigò, ó sì ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé dé òpin. Oníigò fi àtàǹpàkò kan gùn ju kókó kẹta lára okùn lọ.

“Wá wò ó,” ó sọ fún àbúrò rẹ̀. “Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, irin èyí yóò gbá irin kí sípíríìn tó tẹ̀ tán. Níbo ni gbígbá yẹn yóò lọ?”

Dókítà wo okùn. Ó wo oníigò. “Sínú ìjókòó,” ó wí.

“Ta ló jókòó?”

Dókítà ti oníigò padà sọ́dọ̀ Onípáàtì. Onípáàtì la ẹnu láti sọ nǹkan kan, Ìyá Sípánà sì wò ó. Ó yáa mú aṣọ, ó ń nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀.

Èyí tí kò ní kókó ńkọ́? Ìyá Sípánà gbé e nàró sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi àyà tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ́tí. Ó ní ó dáa, ó ní bọ́ọ̀sì akérò ni wọ́n ṣe é fún. Ara ọkọ̀ pupa fúyẹ́ jù fún un, yóò sì máa lé e kiri. Ó gbé oníkókó kan. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i, ó tún un tẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Okùn sì bá a mu rẹ́gí.

“Èyí,” ó wí. “A ó lè wá ibi tí yóò ti tẹ́ Bàbá lọ́rùn.”

Dókítà mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba ohun ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó wà ní pupa?”

“Ó wà ní pupa, Dókítà.”

“Abẹ́ ọkọ̀ ló máa wà,” ni Ìyá Sípánà wí. “Ṣé àwọn èèrà lo fẹ́ fi hàn?”

Wọ́n ra pupa. Ìwé kan wà nínú páálí náà, Dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú takisí bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ síbí.”

“Pa á dé, jọ̀ọ́. Ẹni tí kò ní etí ni wọ́n ń kọ ìwé ṣọ́ọ̀kì fún.”

Dókítà ká ìwé, ó fi sápò, kò sì tún mẹ́nu kàn án.

Lọ́sàn-án Fúráìdè ni wọ́n fẹ́ dè wọ́n. Bàbá ti jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti wo iṣẹ́, ṣùgbọ́n oorun gbé e lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Dókítà dé pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ tuntun, ẹ̀wù tó so mọ́ ṣòkòtò, ìlà tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù fà á ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi òwú wúrà ran DÓKÍTÀ sí i láyà.

“O ṣeun tó o kọ ọ́ síbẹ̀,” ni Ìyá Sípánà wí. “Mọ́tò ìbá máa bi mí pé ta nìyí.”

“Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe é ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kí n lè sọ fún wọn lẹ́gbẹ́ pé èmi ni mo dè é.”

“Èyí tó o bá sọ fún wọn náà ni wọn ó gbà. Ṣé wọ́n mọ nǹkan kan ni?”

Síbẹ̀ ó fún un ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, òun mú òsì. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ Dókítà kò burú. Ẹni tó ti ń ti ọwọ́ bọ ẹnu èèyàn láti ogún ọdún sẹ́yìn mọ bí wọ́n ṣe ń de nọ́ọ̀tì níbi tó há. Ìyá Sípánà rí i, kò sọ ọ́. Ó kọrin rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ó fi ìlà kan kún un nípa òwú wúrà.

Ìgbà tí gbogbo nọ́ọ̀tì ti le tán, ó ku kókó yíyí. Ìyá Sípánà ti ń gbára dì fún ìjà. Ó mọ̀ pé àbúrò òun yóò fẹ́ kó le bí pákó, nítorí pé bẹ́ẹ̀ làwọn asáré ń ṣe é. Òun sì fẹ́ kó rọ̀ nítorí Bàbá. Ó nà lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó ké sí i lódìkejì.

“Mélòó lo ní lọ́kàn?”

“Mẹ́fà,” ni Dókítà dáhùn.

Sípánà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹ́fà gan-an lòun náà ní lọ́kàn. Ọmọ yìí ti gbọ́n.

“Ṣé mẹ́fà lóòótọ́?”

“Mẹ́fà ni mo rò, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi náà, mẹ́fà.”

Ẹnu ya Dókítà. Inú òun náà dùn, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti wá mọyì eré sísá. Wọ́n na ọwọ́ sí ara wọn lábẹ́ ikùn ọkọ̀, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta.

Ìyá Sípánà wá ṣe bí Bàbá ti kọ́ ọ láti kékeré: ó yí kókó sósì títí tó fi kọ̀ tí kò yí mọ́, ibi tó rọ̀ jù nìyẹn, ó sì yí i padà, kẹ́ mẹ́fà. Dókítà ṣe bí ìwé inú àpò rẹ̀ ti wí: ó yí kókó sọ́tùn-ún títí tó fi kọ̀, ibi tó le jù nìyẹn, ó sì yí i padà, kẹ́ mẹ́fà. Kò sí ẹni tó wo ọwọ́ ẹnì kejì. Wọ́n bọ́ síta, wọ́n nu ojú, Dókítà sì ya fọ́tò.

Ní àárọ̀ Sátidé, Bàbá jáde pẹ̀lú ẹ̀wù funfun àti bàtà tó ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Ó fá irùngbọ̀n. Dókítà ti ṣí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ dè é, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ó ń wo aago. Bàbá kò wọlé. Ó lọ síwájú ọkọ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé igun òsì bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́wọ́ kúrò. Ọkọ̀ lọ sílẹ̀, ó dìde, ó tún lọ sílẹ̀, ó tún dìde. Ó bọ́ sí igun ọ̀tún. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò mì. Ó gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ ti ara ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Òkúta.

“Ta ló ṣe òsì?”

“Èmi ni, Bàbá,” ni Ìyá Sípánà wí.

“Ta ló ṣe ọ̀tún?”

“Èmi ni, sà,” ni Dókítà wí.

“Mélòó lẹ yí i sí?”

“Mẹ́fà,” àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìgbéraga.

“Mẹ́fà láti ibo?”

“Láti ibi tó rọ̀,” ni ìkan wí. “Láti ibi tó le,” ni ìkejì wí. Wọ́n sì wo ara wọn.

Aránṣọ tó wà lódìkejì títì ti gbé àga síta. Bàbá mú ọ̀pá rẹ̀ padà, ó fi ara tì í.

“Ọmọ méjì ni mo bí,” ó wí. “Ọ̀kan ń kà látòkè, ọ̀kan ń kà látìsàlẹ̀. Wọ́n kọjá lára ara wọn lọ́nà, wọn ò kí ara wọn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ṣùgbọ́n ejò ò ní ṣọ́ọ̀bù o, ejò ò sì lọ sí yunifásítì.”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n tú u pátá kí n tó máa kà,” ni Ìyá Sípánà wí.

“Ti ayé ìgbà yẹn ni mo kọ́ ọ. Èyí ò ní ìwé tiẹ̀ ni?”

“Ó ní,” ni Dókítà wí, ó ń wo ilẹ̀. “Àpò mi ló wà. Wọ́n ní ẹni tí kò ní etí ni wọ́n ń kọ ọ́ fún.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Ojú Dókítà yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. 

“Ó dáa,” ni Bàbá wí fún ọmọbìnrin rẹ̀. “Etí tí ìwọ ní dà?”

Bí wọ́n bá da omi tútù sí Ìyá Sípánà lórí, ìyẹn ìbá sàn fún un. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló mú un. Ẹ̀rù ló mú un. Ó rí i bí ọkọ̀ ìbá ti já sí kòtò kan lọ́nà òkè, tí ẹ̀gbẹ́ kan ìbá rì, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ìbá gán, tí eegun tí wọ́n fi irin dè ìbá lọ́ láàárín wọn bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ọwọ́ òun ni ìbá ti wá.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi sí Sátidé mìíì,” ó wí.

“Ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin lo ń sọ Sátidé mìíì fún.” Ó kọjú sí Dókítà. “Ẹ̀gbẹ́ tìẹ, sọ ọ́ di bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Látìsàlẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ iye kankan fún mi mọ́.”

Wọ́n ṣe é. Ìyá Sípánà sáré wọlé lọ mú tìmùtìmù wá, ó ní kí Bàbá fi sẹ́yìn. Bàbá kọ̀ ọ́.

“Tìmùtìmù máa ń parọ́,” ó wí, ó sì jókòó díẹ̀díẹ̀, ó di ìlẹ̀kùn mú.

Ní ìparí àdúgbò wọn, irin kan wà tí wọ́n fi bo gọ́tà, ó yọ sókè lójú títì. Ibẹ̀ ni Bàbá ní kí wọ́n gbé òun gbà. Ìyá Sípánà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo orí funfun bàbá rẹ̀ tó ń lọ. Ọkọ̀ gun irin. Ó lọ sílẹ̀, ó dìde, ó tún lọ sílẹ̀, ó tún dìde, orí funfun náà sì ń bá a lọ. Nígbà tí wọ́n yí padà dé, Bàbá ti di ètè rẹ̀ pọ̀.

“Ó ń fi mí ta jangirọ́fà,” ó wí. “Ẹnìkan rò pé nǹkan rírọ̀ kì í pa arúgbó. Kẹ́ kan.”

Ìyá Sípánà kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn táyà kìíní, ó yí kókó rẹ̀, kẹ́. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ sídìí ìkejì. Orúnkún ẹni tó fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún kì í fẹ́ràn kọnkéré. Nígbà tí ó dé ìkẹrin, fóònù Dókítà dún.

“Alága ẹgbẹ́ ni,” ó wí. Ó gbọ́ ọ, ó gbé e kúrò létí. “Wọ́n ní àwọn ń lọ. Wọ́n ní kí n pàdé àwọn lójú ọ̀nà kí wọ́n tó ya fọ́tò.”

Ìyá Sípánà ti ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tó mú bí abẹ. Kò tíì sọ ọ́ tí Dókítà fi pa fóònù, tó bọ́ aago ọwọ́, tó sì tì wọ́n méjèèjì sínú dúróà ọkọ̀. Ìyá Sípánà gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó yí kókó ìkẹrin. 

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. “Ó dín,” ni Bàbá wí. “Kò tíì tán. Kẹ́ kan.” Ìyá Sípánà tún kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. “Ó fẹ́ máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Kẹ́ kan sí i.” Aránṣọ ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta, ó ń lẹ aṣọ, ó ń ka iye ìgbà tí ọkọ̀ ń kọjá. Ní ìgbà kẹrin, ọkọ̀ pupa gun irin náà, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí àgbà tó ń jẹ́ ìkíni, ó sì dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọn ò yí padà. Ìyá Sípánà rí ọwọ́ Bàbá tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, tó nà sí ọ̀nà òkè. Ọkọ̀ lọ.

Ìjókòó méjì péré ló ní. Ìyá Sípánà jókòó sórí táyà kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ dúdú, orúnkún pupa. Kò lè ṣiṣẹ́. Ọ̀nà òkè ní kòtò mẹ́ta tó mọ̀, àti èyí tí kò mọ̀. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì ògbólógbòó kan sórí itan, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò ta pútú. Ó gbìyànjú orin rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rí ẹni tí yóò fi kọ àfi ara rẹ̀.

“Mélòó lẹ wá yí i dé?” ni aránṣọ ké sí i.

Ó ṣírò rẹ̀. Látìsàlẹ̀, mẹ́sàn-án. Látòkè, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí mẹ́fà níbi kankan.

“Mi ò kà á,” ó wí.

Ó tó wákàtí kan kó tó gbúròó ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn kan lórí ẹ́ńjìnnì, ohùn gbígbẹ, tó ń kọrin tirẹ̀ gan-an, orin tó rò pé Bàbá ti sùn lọ nígbà tóun ń kọ ọ́:

Ọkọ̀ pupa, ọkọ̀ pupa,
Ẹni tó mọ̀ ọ́ ò kàwé,
Ẹni tó kàwé ò mọ̀ ọ́,
Ẹ̀yìn arúgbó ló kà á tán.

Dókítà ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè fi bíréèkì dúró dáadáa. Kò sí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá ni wọ́n wà.

“Ẹ̀yìn yín, Bàbá?” ni Ìyá Sípánà béèrè. Ó ti dìde.

“Ó wà níbi tí mo fi sí.” Bàbá kọjú sí Dókítà. “Bọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ wọlé. Mo fẹ́ tún lọ.”

“Bàbá, mọ́tò tiẹ̀ ni.”

“Mo mọ ẹni tó ni ín. Mo ní kó bọ́ sílẹ̀.”

Dókítà bọ́ sílẹ̀, ó di ìlẹ̀kùn mú fún un. Ìyá Sípánà ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kí Bàbá tó wo ọwọ́ rẹ̀ tí gírísì bò, tó sì wo awọ funfun tó wà lára sítíárín. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kìíní. Ó bọ́ èkejì. Ó nà wọ́n sí i.

Ìyá Sípánà wò wọ́n. Dókítà gbójú sójú ọ̀run, ó ń wá ẹyẹ tí kò sí níbẹ̀.

“Ìkòkò gbígbóná,” ni Bàbá wí. “Wọ̀ ọ́.”

Ó wọ̀ ọ́.